George Montagu: Ọ̀gá ológun tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó di àgbà nínú ìmọ̀ ìkarahun wínníwínní

Nígbà tí ọdún 1799 fi máa parí, ohun mẹ́ta tí ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn láyé ìgbà náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ George Montagu. Ìyàwó tó fẹ́ níṣu lọ́kà kò sí lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ilé-ẹjọ́ àwọn ológun ti gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé àti ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ sì ti di ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni ọdún 46 ni, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń jókòó jẹun nínú ohun tí wọ́n ti kó jọ. Ṣùgbọ́n etí òkun ni ọkùnrin yìí gbà lọ, ní agbègbè Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ England, ó sì ń jọ iyanrìn bí ẹni ń jọ èlùbọ́.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ìyẹn lọ́dún 1803, ó gbé ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Testacea Britannica. Irú ìkarahun bíi 470 ló ṣàpèjúwe síbẹ̀, ti òkun, ti odò àti ti orí ilẹ̀, gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó wà ní Britain àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà mọ́ ti ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó tóbi nínú wọn kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí, nítorí àwọn mìíràn ti kọ̀wé nípa ìwọ̀nyẹn. Èyí tó kéré, tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ kò lè mú un láìfọ́, tí ojú lásán kò sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iyanrìn, ni Montagu fi ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkarahun kò yẹ kó ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tó bá gbé ilé rẹ̀ pọ̀n. Ìgbín yàtọ̀ sí ìpére, ìpére yàtọ̀ sí ìlákọ̀ṣẹ, ìṣáwùrú inú omi sì ní orúkọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òkòtó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Owó ẹyọ tí a ná láyé àtijọ́, ìkarahun ìgbín inú òkun ni. Ẹni tó bá gbé ìpére lé àtẹ́lẹwọ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìgbín, yóò sì lè sọ ìdí rẹ̀: bó ṣe rí, bó ṣe gùn tó, bí ẹnu rẹ̀ ṣe là. Ohun tí Montagu ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìkarahun tí òun gbé lé àtẹ́lẹwọ́ kéré ju hóró ìrẹsì lọ, òmíràn ò sì ju orí abẹ́rẹ́ alátẹ̀ẹ́lórí lọ, irú wọn sì pọ̀ débi pé ọgọ́rùn-ún lè wà nínú àpò iyanrìn kan.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 1753 ni wọ́n bí George Montagu sí ilé Lackham, lẹ́bàá abúlé Lacock ní agbègbè Wiltshire. Ìdílé tó rí jájẹ ni ìdílé rẹ̀, wọ́n sì ní ilẹ̀ tó lọ súà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àrẹ̀mọ. James, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ogún tọ́ sí. Irú àbúrò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, iṣẹ́ ogun tàbí iṣẹ́ ìjọ ni wọ́n sábà máa ń rán an sí, ọmọkùnrin yìí sì wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1770, kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ.

Lọ́dún 1773, ó gbé Ann Courtenay níyàwó. Ọmọ ilé ńlá ni obìnrin náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ àbúrò sí ọlọ́lá Bute, ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Wọ́n bímọ fún ara wọn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀, Montagu sì bá àwọn ọmọ ogun ọba sọdá òkun lọ síbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ní ìfẹ́ ẹ̀dá inú igbó ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá ti ráyè díẹ̀, á yìnbọn pa ẹyẹ àjèjì, á yọ nǹkan inú rẹ̀, á fi nǹkan mìíràn kún un kó má baà bàjẹ́, nítorí ó fẹ́ kó o lọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé. Ta ló lè mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí kan náà ni yóò gbà á níṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú?

Nígbà tó padà sílé, ó di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun agbègbè Wiltshire, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n máa ń kó jọ láti dáàbò bo ilẹ̀ náà nígbà ogun. Ó gòkè níbẹ̀ títí ó fi di Lieutenant-Colonel, ipò kan péré sì ló kù kó tó di Kọ́nẹ́ẹ̀lì gan-an. Abúlé Easton Grey ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti kọ lẹ́tà sí àlùfáà Gilbert White lọ́dún 1789, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ẹyẹ àti ẹranko agbègbè Selborne ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Láti ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí kò bá sí ẹrù ìdílé lọ́rùn òun, ìwádìí nípa ohun abẹ̀mí ni òun ìbá máa ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́dún 1795, wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Linnean Society ní London.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Montagu àti Ann kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Obìnrin mìíràn sì ti wà lọ́kàn rẹ̀: Elizabeth Dorville, tí wọ́n ń pè ní Eliza, ìyàwó oníṣòwò kan ní London. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà kò fàyè gba kí tọkọtaya kàn kọ ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin nítorí tirẹ̀ nìkan, owó ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìròyìn náà tàn dé àárín àwọn ọ̀gá ológun ẹgbẹ́ rẹ̀, ó di ìjà, ó di èébú láàárín àwọn tó jọ ń jẹun lórí tábìlì kan. Lọ́dún 1799, ilé-ẹjọ́ àwọn ológun jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní òun ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò.

Àfi bíi pé ọ̀ràn ń wá ọ̀ràn kiri, James tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú lọ́dún 1797. Bó bá jẹ́ pé ilé Montagu tòrò ni, kò sí ohun tí ìbá dí i lọ́wọ́ láti jogún Lackham. Ṣùgbọ́n ìyapa òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀ ogún di ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì wá di ti bàbá àti ọmọ: àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló dojú kọ ọ́ ní kóòtù. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun ìní ìdílé náà ti lọ sórí gbèsè àti owó agbẹjọ́rò.

Bí òun àti Eliza ṣe wá jókòó sí ilé kan tí ń jẹ́ Knowle House nìyí, lẹ́bàá ìlú Kingsbridge ní Devon. Ibi tí wọ́n yàn náà dára fún iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀. Apá òkun kan wọ inú ilẹ̀ láti ìlú Salcombe títí dé Kingsbridge. Bí omi bá fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀, iyanrìn, òkúta àti koríko òkun á hàn gbangba fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìrìn díẹ̀ ló sì kù kí ènìyàn dé ìyawọlẹ̀ òkun Bigbury, níbi tí ìgbì ti máa ń da ìkarahun sí etíkun.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìkarahun wínníwínní kì í wá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìgbì ti to ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ sí ni yóò lọ, yóò bu iyanrìn ibẹ̀ sínú àpò, yóò fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, yóò sá a gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò jọ̀ ọ́. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lò, kó lè yọ òkúta àti igi kúrò, kó tó wá kan èyí tí ojú rẹ̀ há. Àwọn kan máa ń da iyanrìn gbígbẹ náà sórí omi: iyanrìn á rì, ṣùgbọ́n ìkarahun òfìfo tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ á léfòó, wọ́n á sì kó o kúrò lójú omi. Èyí tó kù, abẹ́ awò tí ń mú ohun kékeré tóbi lójú ni yóò lọ, wọn yóò sì máa fi orí búrọ́ọ̀ṣì tútù ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbé inú omi jíjìn, ohun èèlò onírin tó ní àwọ̀n lẹ́yìn ni Montagu fi ń wọ́ wọn nísàlẹ̀ òkun láti inú ọkọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ náà tún ń bá a fi iyanrìn ránṣẹ́ láti èbúté Falmouth àti àwọn etíkun mìíràn.

Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1784, William Boys àti George Walker ti tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí àwọn ìkarahun tín-ín-rín tí wọ́n rí nínú iyanrìn etíkun Sandwich, ní agbègbè Kent. Lọ́dún 1797 náà, John Adams ti ṣàpèjúwe àwọn kan láti etíkun Pembroke ní Wales. Ṣùgbọ́n àpèjúwe inú ìwé wọn kúrú jọjọ, kò ju gbólóhùn kan sí méjì lọ, ẹni tó bá kà á lè rí ìkarahun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra wọn kó sì máa rò pé gbogbo rẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ohun tí Montagu fi yàtọ̀ ni pé kò dá ọ̀rọ̀ sí. Bí ó bá mú ìkarahun kan, yóò ka iye ìlọ́po rẹ̀ láti ṣóńṣó títí dé ẹnu. Yóò sọ bóyá ìlọ́po náà wú tàbí ó tẹ́, bóyá ojú oríkèé tó so wọ́n pọ̀ jinlẹ̀. Yóò sọ bóyá ara rẹ̀ dán tàbí ó ní egbò, bóyá egbò náà gba òòró tàbí ó yí i po. Yóò wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó rí roboto tàbí ó gùn bí ẹyin, bóyá ètè rẹ̀ nípọn, bóyá eyín kan farapamọ́ sínú. Yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá ihò wà níbẹ̀ bí ìdodo. Àwọ̀ ńkọ́? Bí ó gùn ńkọ́? Ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì kan, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 3, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu nínú ìwé rẹ̀, òmíràn sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí, yóò sọ etíkun tí ó ti rí i, yóò sọ bóyá ó pọ̀ tàbí ó ṣọ̀wọ́n, yóò sì sọ èwo nínú àwọn ẹ̀yà tó jọ ọ́ ni ènìyàn lè ṣì í mú fún, àti ohun tí a lè fi dá wọn mọ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló níye lórí jù. Sísọ bí nǹkan ṣe rí kò tó. Ẹni tó bá sọ pé Táíwò ga, ó pupa, kò tíì jẹ́ kí àlejò dá a mọ̀ lára Kẹ́hìndé.

Àwọn orúkọ tó sọ wọ́n fi ohun tó rí hàn. Èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó fi èdè Látìn pè é ní vitreus. Èyí tó ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu di unidentatus. Èyí tí ara rẹ̀ rí bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, punctura ni. Ohun tó mú un sú àwọn tó tẹ̀lé e díẹ̀ ni orúkọ ìdílé tó fi ṣáájú wọn. Ìlànà Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ni gbogbo ayé ń tẹ̀lé nígbà náà, ìdílé ìgbín inú ìlànà ọ̀hún kò sì pọ̀. Gbogbo èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ti rí roboto, Turbo ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, èyí tó bá sì tẹ́ pẹrẹsẹ di Helix, ìdílé kan náà tí ìgbín ọgbà wà. Bí ẹni ní àpótí mẹ́ta péré tó ń kó gbogbo ẹrù ọjà sí ni. Lẹ́yìn tí Montagu kú tán ni àwọn mìíràn wá la àpótí púpọ̀ sí i. Turbo punctura di Alvania punctura, Turbo unidentatus sì bọ́ sínú ìdílé Odostomia, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gíríìkì kò jìnnà sí ẹlẹ́nu-eléyín.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ṣí ìwé tàbí àkójọ orúkọ ìgbín òkun lónìí yóò fi máa rí Montagu àti ọdún 1803 láàárín àmì àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ ìgbín. Àkámọ́ yẹn kò wà lásán. Òfin àwọn onímọ̀ ni pé bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀yà kan kúrò nínú ìdílé tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ fi sí, wọn yóò fi àkámọ́ yí orúkọ onítọ̀hún ká. Ìdílé yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà náà dúró, ìyẹn ni pé ohun tí ọkùnrin náà sọ pé ó dá yàtọ̀, ó dá yàtọ̀ lóòótọ́.

Kì í ṣe pé kò ṣìnà rí o. Ìtàn ìkarahun méjì kan yẹ fún sísọ, nítorí ó fi hàn bí ìkarahun ṣe lè tan ọlọ́gbọ́n jẹ. Nínú iyanrìn ni Montagu ti rí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kan tó tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan ní òrùka yí ara rẹ̀ ká bíi ti ọ̀nà ọ̀fun, ó sì pè é ní Dentalium trachea. Èkejì dán, kò gùn ju mìlímítà 2 lọ, ó pè é ní Dentalium glabrum. Dentalium ni orúkọ àwọn ẹ̀dá òkun tí ìkarahun wọn rí bí eyín erin. Wọn kì í ṣe ìgbín. Ẹni tó bá sì wo ọ̀pá tí kò lọ́ rárá, kí ni yóò fi pè é ní ìgbín? Lọ́dún 1813, John Fleming, àlùfáà ará Scotland, ya ìdílé tuntun kan sọ́tọ̀ fún irú wọn, ó pè é ní Caecum. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá rí ẹ̀dá náà láàyè, ìgbín ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó ní orí, ó ní ìwo, ó ní ẹsẹ̀, ó sì ní ọmọrí tó fi ń dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìkarahun rẹ̀ lọ́ bíi ti ìgbín yòókù. Bó bá ń dàgbà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé rẹ̀ gbọọrọ, yóò wá fi ìdènà kan dí ẹ̀yìn, apá tó lọ́ náà á sì já dànù. Ohun tó lè jẹ́rìí pé ìgbín ni ti sọnù sínú òkun kí ọ̀pá náà tó dé ọ̀dọ̀ Montagu. Síbẹ̀, méjèèjì ṣì ń jẹ́ orúkọ tó sọ wọ́n, Caecum trachea àti Caecum glabrum. Ìdílé ló ṣì, kò ṣi ẹ̀yà.

Michel Adanson, ará Faransé tó lọ gbé ní Senegal ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1749, ti kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1757 pé ẹran inú ìkarahun ló yẹ kí ènìyàn fi tò wọ́n sí ìdílé, kì í ṣe ilé nìkan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn Yorùbá náà gbà pé bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a máa tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n nínú iyanrìn, ìgbín ti kú, ó ti jẹrà, ìkarahun nìkan ló kù láti sọ tẹnu rẹ̀, àfi kí ènìyàn kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ èdè rẹ̀. Montagu pàápàá kò kọ ẹ̀dá alààyè sílẹ̀. Níbi tó bá ti rí i, ó ń kọ bí ó ṣe ń rìn àti bí ó ṣe rí. Àwọn Odostomia eléyín yẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn rí i pé ara ẹ̀dá mìíràn ni wọ́n ń fà mu. Èyí tó pè ní unidentatus, ara aràn òkun tó ń kọ́ ilé funfun sórí òkúta ló ń gbé. Nínú ìdílé wọn, ṣóńṣó ìkarahun tún máa ń gba ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti ìyókù, bíi pé ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ilé lọ́nà kan kó tó yí ọkàn padà. Lónìí, ṣóńṣó yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ máa ń wò lára ìgbín kéékèèké, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó lè fi í hàn ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Awò ọwọ́ ayé ìgbà náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé Eliza. Ìwé àpèjúwe ìkarahun tí kò ní àwòrán, bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Eliza ló ya àwọn àwòrán inú Testacea Britannica, òun náà ló sì fín in sára irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé àwòrán 16 ló wà nínú ìwé ti ọdún 1803, àfikún rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1808 sì ní 14. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó jókòó ti fèrèsé, tó ń wo ohun tí kò ju èérún búrẹ́dì lọ lábẹ́ awò, tó sì ń ya ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà rẹ̀ láìfò ọ̀kankan. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tó kọ́ àwọn obìnrin nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé ńlá agbègbè náà kò sì lè gbà á lálejò bí ìyàwó ilé, torí òfin kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kí àwọn ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ wọn tó, ohun kan dájú: láìsí ọwọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà tí Montagu sọ lórúkọ ni ẹnikẹ́ni kì bá má tún dá mọ̀ mọ́.

Àfikún ọdún 1808 kò mọ́ tó ti àkọ́kọ́. Àwọn ará Scotland ti ń fi ìkarahun ránṣẹ́ sí i nígbà náà, pàápàá ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Laskey, láti agbègbè Dunbar. Àwọn onímọ̀ ẹ̀yìn ọ̀la yọ àwọn kan kúrò nínú àkójọ náà, nítorí ìkarahun òkun ilẹ̀ olóoru ni wọ́n, wọn kò lè gbé inú òtútù òkun Scotland. Àwọn ọkọ̀ òkun ìgbà náà máa ń kó iyanrìn ilẹ̀ òkèèrè sínú kí wọ́n má baà fì, wọ́n á sì dà á nù bí wọ́n bá dé èbúté. Ìkarahun lè tipa bẹ́ẹ̀ rin ìrìn àjò tí olówó rẹ̀ kò rìn. Ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ jọ̀ ní Devon ló gbẹ́kẹ̀ lé jù, ìyẹn náà ló sì tọ́ jùlọ.

Kì í ṣe ìkarahun nìkan ló mọ̀. Ìwé atúmọ̀ ẹyẹ rẹ̀ jáde lọ́dún 1802. Òun ló fi hàn pé ẹ̀yà àṣá kan tí wọ́n ti ń kà pọ̀ mọ́ òmíràn dá dúró gedegbe, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹyẹ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Bí òtútù bá ń bọ̀ ní Yúróòpù, ẹyẹ yìí máa ń fò wá sí ilẹ̀ pápá tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara, títí kan àríwá Nàìjíríà. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí ẹja, lórí àdán àti lórí akàn, ṣùgbọ́n ìyẹn nílò ìtàn tirẹ̀.

Ikú rẹ̀ kò ní ògo kankan nínú. Lọ́dún 1815, wọ́n ń tún Knowle House ṣe. Igi tí wọ́n yọ kúrò lára ilé wà káàkiri ilẹ̀, ọkùnrin tó la ogun Amẹ́ríkà já sì tẹ ìṣó tó ti dípẹtà. Ojú ọgbẹ́ náà kéré. Ṣùgbọ́n tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tí ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa tó sì ń mú gbogbo iṣan ara le, wọlé sí i lára. Ó ku ọdún 75 kí àwọn oníṣègùn tó ṣàwárí ohun tó lè borí oró àìsàn náà. Ogúnjọ́ oṣù kẹfà ló kú, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n ja ogun Waterloo. Ẹni ọdún 62 ni. Ní Kingsbridge ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn ẹyẹ rẹ̀ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní London lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìkarahun kò bá wọn lọ. Ọwọ́ ìdílé Dorville ni wọ́n wà títí Henry, ọmọkùnrin tí Eliza bí fún Montagu, fi kó wọn fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ń jẹ́ Royal Albert Memorial Museum ní ìlú Exeter. Ọmọ tí òfin kò kà sí ajogún, òun ló jogún èyí tí ó níye lórí jù, kò sì tà á. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di báyìí. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí gígùn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n tú àkójọ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti mọ èwo nínú wọn gan-an ni Montagu gbé lé abẹ́ awò nígbà tó ń kọ̀wé rẹ̀, èwo sì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn lónìí lórí irú ìgbín tí ń jẹ́ Alvania punctura ní tòótọ́, Exeter ni yóò kọ̀wé sí.